Sínà Kì í Ṣe Orúkọ Màmá

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ọmọ-ọmọ yín obìnrin ló ń bá mi kọ èyí, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Láti Hamburg ni mo ti dé lánàá. Àwọn ará Kenya tó wà níbẹ̀ ló pè mí síbi tí wọ́n ti ń yẹ́ yín sí. Wọ́n ní ẹ̀yin atukọ̀ tó ti Èkó wá lẹ kọ́kọ́ ta gìtá oníná fún àwọn oníjó Mombasa, pé ara yín ni gbogbo olórin wọn ti kọ́ ọ. Iwájú ni wọ́n fi mí sí. Inú mi dùn. Ọdún mọ́kànlá tí ẹ fi wà lọ́hùn-ún, tí ìyà ń jẹ wá nílé, mo rò pé mo ti rí èrè rẹ̀.

Wọ́n wá fi orin Màmá sí i. Èyí tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń fárùngbọ̀n, tí ẹ ó fi ọṣẹ tọ́ Màmá nímú. Ẹ ní orúkọ rẹ̀ lẹ ń pè: Sínà, Sínà. Sínátù tiwa. Mo dìde, mo ń bá wọn kọ ọ́, mo ń sunkún. Ìyá àgbà kan, ọmọ Mombasa, fà mí láṣọ, ó bi mí pé ta ni mò ń pè. Ó ní sina kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Lédè wọn, “n kò ní” ni. Sina mke: n kò níyàwó. Sina mtoto: n kò lọ́mọ.

Mo jókòó.

Obìnrin wo lẹ kọ ọ́ fún lọ́hùn-ún, Bàbá? Ṣé ó gbà yín gbọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni mí lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́ sínú àwo? Kò sí ibi ìsọmọlórúkọ tí Màmá kò ti kọ ọ́ ládùúgbò, tí yóò máa fọwọ́ lu àyà. Ẹ jókòó, ẹ ń wò ó. Ẹ ò sọ nǹkan kan títí ó fi kú.

Ti ẹ̀yin àti òun nìyẹn. Tèmi ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi sí Spandau nílùú tí mò ń gbé níbí, mi ò mọ orin mìíràn tí ọkọ lè kọ fún aya. Tiyín ni mo kọ. Lẹ́yìn ogójì ọdún tí a jọ gbé, mo dúró létí sàréè, mo ń pariwo pé n kò níyàwó. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ tó ń kọ̀wé yìí ní kí n fi yín sílẹ̀, pé òkú kì í fèsì. Mo mọ̀. Kó ṣáà máa kọ ọ́.

Lọ́la, màá wọ ọkọ̀ ojú irin U7 lọ bá ìyàwó mi ní sàréè rẹ̀. Màá sọ fún un pé wọ́n tàn mí ni, pé mo níyàwó. Mi ò ní kọrin. Ẹnu lásán ni màá fi sọ ọ́, títí yóò fi tó.

Mo ṣì fẹ́ràn yín. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Èmi,
ọmọ tí ẹ bí.