Bátìrì Lọ́rì Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́

Bàbá Akínkúnmi,

Ẹ kú ilé o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, kí ẹ má baà ní ọmọ yín ló kọ́ mi sọ. Inú ń bí mi.

Bátìrì lọ́rì tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù yín ní Iwaraja ni Akínkúnmi gbé sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, torí ẹ ní ẹ ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ tó bá ra ti ẹlòmíì. Lọ́sàn-án Sátidé, a dúró jẹun láàárín ọ̀sà, fáànù àti fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn, atẹ́gùn sì gbá wa mọ́ òpó afárá. Mẹkáníìkì tó wá fà wá ń rẹ́rìn-ín: "Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ṣé kòkó lẹ fẹ́ kó ni? Títa ẹ́ńjìnnì jí nìkan ni bátìrì yìí mọ̀. Èyí tí ń gbé fáànù pẹ́, ọ̀tọ̀ ni."

Ohun tó yẹ ni ló ń yẹ ni, okùn ọrùn ò yẹ adìyẹ. Bí lọ́rì bá kú ní Iwaraja, ẹ ó pe èèyàn kí wọ́n tì í. Ta ni yóò ti ọkọ̀ lórí omi?

Ara mi le. Ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n dì. Tómisìn ọmọ-ọmọ yín tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa náà ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Akínkúnmi tún ti gbé bátìrì yín lọ gba iná, torí ó ń bẹ̀rù yín. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ ní kó ra èyí tó yẹ.

Ẹ bá mi kí Phebe àbúrò mi, àti tíṣà wa ní kíláàsì àgbà.

Ìyàwó yín.