Ìdílé Àfẹ́sọ́nà Mi Ní Kí N Lọ Ya Fọ́tò Ọpọlọ Mi Wá

Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí i, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ mi hàn o, torí àfẹ́sọ́nà mi máa ń ka ibí yìí. Tíṣà ni mí ní Ìsọlọ̀, ọmọ Oǹdó. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní, tramadol ti mú un rí, ó mú un débi pé a ò dá a mọ̀ mọ́. A gbé e lọ rehab, Ọlọ́run ṣe é, ó jáde, ó ń kọ́ iṣẹ́ AC báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Mi ò fi pamọ́ fún àfẹ́sọ́nà mi. Kò tíì dẹnu ìfẹ́ kọ mí dáadáa tí mo ti sọ fún un, ó ní kò sí wàhálà.

A ti ṣe introduction tán kí ọ̀rọ̀ tó yí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọsibítù lókè òkun wálé, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ màmá wọn l'Ókè-Àfá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni Àǹtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine, òun ló ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni, ó sì ní àwọn ilẹ̀kùn tó máa ń gbà wọlé. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó lè ya fọ́tò ilẹ̀kùn yẹn, pé ẹni tí tiẹ̀ bá kéré, bó bá fẹnu kan oògùn olóró, ó lè tètè mú un ju ẹlòmíì lọ, pé ó sì lè wà nínú ẹbí. Mo ń mi orí, mo rò pé ìmọ̀ la ń gbà... àṣé èmi ni wọ́n ń bá wí. Màmá yíjú sí mi: "Ìyàwó mi, ṣebí ẹ ṣe genotype? Lọ ya tọpọlọ náà wá, kọ́kàn wa lè balẹ̀." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Màmá wá ní, "Ọ̀kan tó wà ńlẹ̀ ti tó wa." Àǹtí wo màmá wọn bí ẹni pé kó gbá wọn lẹ́nu mú. Àfẹ́sọ́nà mi dìde, ó ní òun fẹ́ mumi.

Ọ̀kan wo? Mo kọ́kọ́ rò pé àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í ṣe ará ilé wọn... ọ̀kan wo ló wà ńlẹ̀?

Mo lọ o, ẹ má bú mi. Mo lọ síbi kan tí wọ́n ti ń ya scan l'Óṣòdì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fara balẹ̀ fún mi. Ó ní irú èyí kọ́ làwọn ń yà, pé abẹ́rẹ́ tó ní ìtànṣán ni wọ́n máa ń gún fún èèyàn kí ẹ̀rọ tó lè rí ilẹ̀kùn yẹn, ìwádìí ni wọ́n sì sábà ń fi ṣe. Kò sí fọ́tò tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé lágbájá máa di ẹrú oògùn. Ó ní oògùn fúnra ẹ̀ náà lè dín ilẹ̀kùn yẹn kù, nítorí náà, èèyàn ò lè tètè sọ èwo ló ṣáájú. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ta ló ní kẹ́ ẹ wá?" Ojú tì mí.

Mo ròyìn fún àfẹ́sọ́nà mi, mo rò pé á ní ká má ka ọ̀rọ̀ Màmá sí. Rárá o. Ó ní kí n sáà wá fọ́tò ọpọlọ èyíkéyìí, pé òun mọ ẹnì kan ní Ṣógúnlé tó lè bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibẹ̀ lara ti fu mí. Kí ló dé tó ń kán an lójú báyìí? Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó... òógùn tó ń bò ó nínú AC, bó ṣe ń yán ṣáá, báàgì tó máa ń gbé wọ ilé ìyàgbẹ́. Ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn ni, àbí ojú tí mo fi ṣọ́ àbúrò mi ni mo fi ń wò ó?

Ní Sátidé tó kọjá, àfẹ́sọ́nà mi bọ́ sílẹ̀ ní Bọ́ládé láti ra àgbàdo sísun, mo ń wá tíṣù nínú mọ́tò ẹ̀, mo bá rí kápúsù nínú ọ̀rá, ó pọ̀, kò sí páálí, kò sórúkọ. Mo yọ ọ̀kan. Nígbà tó dé, mo bi í, ó ní oògùn ẹ̀yìn ríro ni. Ẹ̀yìn tí mi ò gbọ́ pó ro ó rí! Ó ní, "Ṣé o ti wá ń ṣọ́ mi ni?" Mo mú kápúsù yẹn lọ sọ́dọ̀ onímẹ́dísìn kan, ó ní òun ò lè mọ̀ ọ́n láìrí páálí ẹ̀, ó wá wò mí látòkè délẹ̀ bíi pé èmi ni mò ń lò ó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó dárúkọ ẹ̀... àbúrò mi. Ṣùgbọ́n dọ́kítà rehab ti kìlọ̀ fún mi pé kó má tiẹ̀ fojú kan irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́, pé rírí lásán lè jí ebi ẹ̀ dìde nínú ọpọlọ kí ọwọ́ tó kàn án. Lánàá, àbúrò mi ti ibiṣẹ́ dé, ó rí i pé mi ò jẹun. Ó ní, "Sister mi, tó bá jẹ́ torí tèmi ni wọn ò fi fẹ́ fẹ́ yín mọ́, mo lè kó kúrò nílé." Ọwọ́ mi wà lórí báàgì mi tí kápúsù yẹn wà nínú ẹ̀. Mi ò lè ṣí i. Omijé ló kàn ń bọ́ lójú mi.

Ẹ gbà mí níyànjú. Ṣé kí n fi hàn án kí n lè mọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́? Tó bá wá padà sídìí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n pe Àǹtí, kí n bi wọ́n pé ọ̀kan wo? Àbí ìfura lásán ló fẹ́ ba ilé mi jẹ́ kí n tó kọ́ ọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, àbúrò mi máa tó ti ibiṣẹ́ dé, nǹkan yìí sì wà nínú ilé tó ń sùn.