Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ilé-Ọmọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ẹ̀wà ṣì wà nínú mi. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, torí kò tíì tóbi ju ẹ̀wà lọ. Oyún méjì ti bọ́ ṣáájú rẹ̀. Dókítà wa ní Masaka sọ pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi, àwọn tó ń bá àrùn jà, ló ń lé ọmọ bí àlejò. Ó fún mi lóògùn tí yóò tẹ̀ wọ́n lórí ba. Mo ń gbé e mì láràárọ̀. Mo kórìíra ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ẹ̀wà ti lọ. Kampala la wà, wọ́n máa fọ ilé-ọmọ mi lọ́la. Ssekitto ọkọ mi jókòó tì mí — Baba Ìdákẹ́.

Dókítà Akello wá, obìnrin, ohùn jẹ́jẹ́. Ó ń ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ ogun yẹn. Ó ní tinú ilé-ọmọ yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá mi. Àwọn tinú ilé-ọmọ ló ń mú kí iṣan ìyá fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ohun tí wọ́n bá fọ̀ jáde.

Ssenga Bukirwa, àbúrò bàbá mi, yarí. Ó ní, "Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń sin ibi, èkejì ọmọ, sí, kì í ṣe inú ìgò."

Mo ní, "Ssenga, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo? Ti ọkùnrin tí à ń fi pọntí, àbí ti obìnrin tí à ń sè? Ṣé ẹ mọ èyí tí ọmọ náà jẹ́ ni?"



Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo ní kí Akello máa mú un lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo pa á. Ssenga ò bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó gbé matooke, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Ilé. Ìyá ọkọ mi pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́: "Ikùn tó ń jẹ ọmọ, o tún fẹ́ máa bọ́ ọ?" Baba Ìdákẹ́ ò fèsì. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Akello pè. Ó ní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni Ẹ̀wà ò ti pé, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọmọbìnrin ni. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ ogun. Ó ní òun rí wọn, wọ́n pọ̀, wọ́n tò yí iṣan ká, wọ́n ti fẹ àwọn kan tán.

Mo sọ fún Ssekitto pé kì í ṣe èmi. Ó ní òun gbọ́. Ó ń kó ẹ̀wù rẹ̀ sínú báàgì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ ti kú tán, àwọn ọmọ ogun mi ṣì ń la ọ̀nà fún un.