Mo Ń Kọ́ Ìkíni Lórí Ìdúró

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le. Yàrá wa ládùúgbò Abu Shagara nílẹ̀ Lárúbáwá níbí dùn, èrò inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí n dá wà.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin yunifásítì wa tí mo sọ fún yín. Wọ́n pe àwa tuntun wá mu tíì. Bí mo ṣe rí ààrẹ wọn, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi túká, ṣùgbọ́n tíì yẹn dùn.

Sátidé ni wọ́n máa mú àwọn tí wọ́n fẹ́. Màá wọlé, Màámi. Ó ti sú mi kí n máa dá jẹun ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n Nusirat tá a jọ ń gbé ló ń kọ́ mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ààrẹ, èmi á wọlé, màá wò wọ́n lójú, màá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Tí orúnkún mi bá ti fẹ́ tẹ̀, wọ́n á ní, "Khalas, ó tó, jáde, kó o tún un ṣe." Lánàá, kò tẹ̀ rárá.

Ní Sátidé, mi ò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti Tòhíbù àbúrò mi. Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ kí. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti kọ lẹ́tà yìí látòkèdélẹ̀.

Ọmọ yín,
Ganiat