Bí Vranka Òkè Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀ Padà

Velika ọmọ mi, ìyá Elitsa,

Mo kí ọ kú ojú òtútù, mo kí ọkọ rẹ kú iṣẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé Elitsa ti ń jẹun, àbí ṣokoléètì náà ló ṣì ń jẹ? Kí Ìyá Olúwa na apá bo ilé yín ní Sofia, kí àpótí tó ń gbé yín gòkè ilé má há mọ́ yín ní agbede méjì. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Orúnkún ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Nígbà tí à ń ká àjàrà, obìnrin kan wá láti Ajẹntínà, Ofelia lorúkọ rẹ̀. Abúlé wa yìí ni bàbá bàbá rẹ̀ ti kọjá òkun lọ, ó sì ń wá sàréè Neda Bozhkova, ìyá bàbá àgbà náà. Ó wá orúkọ Vranka Òkè nínú ìwé ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, èyí tí gbogbo ayé jọ ń kọ, ìwé náà sì gbé e lọ sí Vranka Ìsàlẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ fi búrẹ́dì àti iyọ̀ pàdé rẹ̀, wọ́n mú un lọ sídìí Neda Bozhkova mìíràn. Ó sunkún títí, ó fẹnu ko òkúta sàréè, ó gbin òdòdó sí i, ó bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Neda tiwa sùn lókè níbí, kò rí ẹni tan àbẹ́là fún un. Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì wá ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Velika, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Mo ní bí ẹ̀mí bá ṣì wà lára mi, irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Mo wá Snezha lọ, ọmọ tó ń tọ́jú ilé ìkàwé wa. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ Vranka Òkè, àfi bí ó ṣe gbé wa bàrà lọ sójú ìwé Vranka Ìsàlẹ̀! Snezha ní ìdarí ni wọ́n ń pè é, bí àmì ojú ọ̀nà tó ń darí èèyàn síbòmíràn, pé ẹnì kan ló fi síbẹ̀. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ hàn mí, kí bàbá rẹ gbé ọkọ́ wá ká lọ hú u. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tí ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi, ẹ̀rín tán lẹ́nu àwa méjèèjì. Wọ́n kọ ọ́ pé àdúgbò Vranka Ìsàlẹ̀ ni Vranka Òkè. Àdúgbò! Grozdan ló kọ ọ́, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Mo wé gèlè mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó ní kí Màmá Stamena má bínú, pé àwa tí a kù lókè ò tó nǹkan, pé ojú ìwé kéékèèké ń sọ ìwé náà di jágbajàgba, ó sàn ká kó wọn jọ sábẹ́ ẹyọ kan. Mo ní bí kíkéré bá ń sọni di ti ẹlòmíràn, ìyàwó rẹ̀ ga jù ú lọ, kó máa jẹ́ orúkọ ìyàwó nígbà náà. Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó láti ilé ìdáná. Ojú Grozdan pọ́n, ó ní kí n lọ wí tẹnu mi níbi ìjíròrò tó wà lẹ́yìn ojú ìwé náà.

A lọ. Mo ń sọ, Snezha ń tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ kí gbogbo wọn, mo bèèrè ọmọ àti ohun ọ̀sìn. Snezha ní wọn kì í kíni níbẹ̀. Mo ní ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jà níbẹ̀.

Alábòójútó kan dáhùn láti Varna, Ẹyẹ Òkun lorúkọ rẹ̀. Mo bèèrè irú òbí tó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀, Snezha ní àwọn fúnra wọn ló ń sọ ara wọn lórúkọ. Mo gbàdúrà fún un. Ẹyẹ Òkun ní kì í ṣe iye èèyàn ló ń sọ ibì kan di abúlé, ṣùgbọ́n kí n mú orísun wá. Mo ní ọpẹ́ ni, èyí kò wọ́n wa! Mo pọn omi ìsun wa sínú ìgò, mo fi aṣọ òwú wé e, mo ti ń nà án sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì nígbà tí Snezha sáré dé, tó ní ohun tó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹlẹ́rìí wo ló tún ju ìsun náà lọ? Òkúta ẹnu rẹ̀ ní ohun tí àwọn baba wa gbẹ́ sí i: *Àwa ará abúlé Vranka Òkè la kọ́ ọ.* Snezha ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹyẹ Òkun ní ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ó lọ tú ìwé àtijọ́ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn abúlé sí ní Varna, ó sì bá orúkọ wa níbẹ̀, lórí ìlà tiwa. Snezha kọ ọ́ sójú ìwé náà, Grozdan ń pa á rẹ́, Snezha ń dá a padà, títí alábòójútó fi ní kí àwọn méjèèjì mú ọwọ́ kúrò.

Ní báyìí, Ẹyẹ Òkun ti dá wa láre, a ti ní ojú ìwé tiwa. Ẹni tó bá sì pe Vranka lásán, oríta kan wà tó máa bi í pé Òkè ni tàbí Ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń bi àlejò.

Grozdan fi ẹsẹ̀ gòkè wá. Ó ní òun ti rí ìwé àtijọ́ náà, òun jẹ̀bi, kí n jẹ́ kí òun tún àwòrán ilẹ̀ wa ṣe torí inú odò ni ó fi wá sí. Mo fún un ní bánítsà, ó jẹ ẹ́ tán. Snezha kọ̀wé sí Ofelia. Ó ń bọ̀ ní àjọ̀dún Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Ó ní kí a má hú òdòdó tó wà nísàlẹ̀, pé Neda yẹn náà yẹ lẹ́ni tí à ń sunkún fún.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọ̀dọ́ àgùntàn àjọ̀dún àti ẹfun tí a ó fi kun ògiri itẹ́ òkú. Fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, má fi rán ẹ̀rọ inú ògiri báńkì. Ó gbé káàdì àǹtí rẹ mì, kò sì tíì bẹ̀ ẹ́ títí di òní.

Ó ku ìlà kan nínú ojú ìwé wa tó ń dùn mí. Wọ́n kọ ọ́ pé arúgbó nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Mo ní kí Snezha pa á rẹ́, ó ní kò ṣeé ṣe, òótọ́ ni. Velika, mú Elitsa wá ní àjọ̀dún náà, kó wà lọ́dọ̀ wa títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí, kí n lè sọ fún Ẹyẹ Òkun pé irọ́ ni ìlà yẹn.

Ọ̀nà rẹ á tẹ́jú, omijé rẹ kò ní bọ́ sórí sàréè tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ, orúkọ rẹ kò ní sọnù láàárín ènìyàn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Stamena, ará abúlé Vranka Òkè