Ẹnubodè Tí Kò Ní Ògiri

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Ògún

Ìwé ọba tún dé. Ó ń béèrè ibi tí a bá ògiri Harbeck, ìlú wa, dé, kó tó fi ọdún márùn-ún kún àṣẹ tó fún wa: ká máa gba owó ibodè lórí ẹja àti awọ, ká fi mọ ògiri tí àwọn ará Skọ́tílándì ò ní lè kọjá. Ọba mà láàánú o! Owó wa ló fi ta wá lọ́rẹ. Pẹ́nì kan ò ti àpò tirẹ̀ jáde.

Hamo, olórí ìlú, ka ìwé náà sókè bíi pé òun ló bí ọba. Àgbá ni mò ń pè é níbí — nítorí ọtí tó ń tà, àti ikùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ẹnubodè gúúsù parí. Ilé-ìṣọ́ méjì, ère kìnnìún ọba lókè. Gúúsù! Àríwá lọ̀tá ń gbà wá. Ṣùgbọ́n gúúsù làwọn oníṣòwò ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ìránṣẹ́ ọba máa kọ́kọ́ rí. Ní àríwá, ọgbà igi lásán, àti àlàfo tí màlúù mẹ́ta lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé Emmot àbúrò mi ló kọjú sí i. Opó ni. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ láti fi dí àlàfo náà wà nílẹ̀, koríko ti bò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Àgbá ń fi aṣọ nu kìnnìún. Mo fojú ara mi rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Àgbá pè mí. Èmi akọ̀wé ìlú ni kí n kọ ọ́ sí ọba pé ògiri àríwá ti ga dé èjìká. Mo ní irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ta ló máa rin ìrìn ọ̀sẹ̀ méjì wá wo ẹrẹ̀?"

Ó wá béèrè Emmot. Ó gbọ́ pé èéfín ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò ní ibi ìdáná gidi. Òkúta ṣáà wà nílẹ̀, ó ní. Ẹlẹ́dẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ibi ìdáná Emmot parí, ó ṣe régí. Mo ní Àgbá ló fi ta á lọ́rẹ. Ó gbàdúrà fún un títí ara fi ń ni mí. Ó se ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Àárọ̀ ni àwọn ará Skọ́tílándì dé, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún Màríà. Àlàfo ni wọ́n gbà, ẹṣin wọn ò tilẹ̀ sáré. Wọ́n kó màlúù, wọ́n tiná bọ ilé mẹ́sàn-án. Àgbá sá gba ẹnubodè rẹ̀ jáde — iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnubodè náà tíì ṣe.

Emmot yè. Ilé rẹ̀ jó kanlẹ̀. Ibi ìdáná nìkan ló dúró, ó ga dé èjìká mi. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta yìí mà le o. Kí ló dé tí wọn ò fi mọ ògiri?"

Ìdáhùn ti wà lọ́dọ̀ ọba, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.