Ibojì Tó Ti Ìyá Mi Sójú Títì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àmójútó ilé, ẹ sì kú àmójútó iwájú ilé pàápàá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ìlú kékeré tí mo wà ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etí títì ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Àyè wà níbẹ̀ dáadáa. Ènìyàn lè na gbogbo ara rẹ̀ kí mọ́tò má tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kí Màmá mi, Ìyá Olówùú, tòun tọ̀pá wọn. Mo kí Ṣadé àbúrò mi, tó jẹ́ ojú àti etí mi nílé. Mo sì kí gbogbo ará Òpópónà Ìdí-Ọsàn ní Ìkìrun, tí wọ́n ń ka lẹ́tà yìí lọ́wọ́, nítorí orí wáásáàpù àdúgbò ni mo gbé e sí. Ẹ má bínú pé n kò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí ẹ̀yin nìkan. Ẹ kà á, àmì búlúù méjì hàn, ẹ sì fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá mi lóhùn.

Ṣadé ní ẹ ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnjiníà ni mí níbí. Iṣẹ́ mi rèé. Láàárọ̀ àti ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wọ kóòtù yẹ́lò tó gùn dé orúnkún, màá di ọ̀pá kan mú tí pátákó róbótó wà lórí rẹ̀, màá lọ dúró láàárín títì kí mọ́tò lè dúró, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè sọdá. Ó tán. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ nípa wíwọn ilẹ̀ ní pólì, a ka ti ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn. Ilẹ̀ tí mò ń wọ̀n báyìí kò ju ibi tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró sí lọ. Tí mo bá ṣe ìyẹn tán, màá lọ to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan títí èmi náà yóò fi dà bíi páálí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò tíì yé mi títí dòní: mọ́tò ń dúró. Ọkùnrin tó wọ súùtù, tó ti pẹ́ lẹ́yìn, tó ń fi ojú bú mi bọ̀ látòkèèrè, yóò dúró kí ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń fa bàtà nílẹ̀ lè kọjá. Ní Ìkìrun, ewúrẹ́ nìkan ni mọ́tò ń dúró fún, torí pé ewúrẹ́ ní ẹni tí yóò gbowó rẹ̀.

Òtútù ibí kò ṣe é júwe fún ẹni tó ń wọ súwẹ́tà nígbà ọyẹ́, tó sì ń pe ìyẹn ní òtútù. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú. N kò ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ jù ni ìyá arúgbó kan tí mo máa ń mú sọdá láràárọ̀, òun àti ajá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Mo ní ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ro ó, mo ro ó, títí a fi dé òdìkejì títì. Mo wá ní ibojì kan ló tì wọ́n sójú títì. Ìyá náà wò mí sùn-ùn, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má mikàn, pé díẹ̀díẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èdè ló ń dà mí láàmú.

Bàbá mi, kò sí ẹni tó dàgbà ní Inísà àti Òkúkù tí kò mọ̀ yín. Wolé-wolé ni yín títí ẹ fi fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ yín lókèèrè, àwọn ìyálé ilé á sáré lọ bo àmù omi. Ẹ pe ìyá kan lẹ́jọ́ ní Inísà nítorí pé ó gbé àpótí ìjókòó kan ṣoṣo sórí gọ́tà. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún mi títí mo fi mọ ibi tí ẹ ti máa ń wúkọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń parí rẹ̀ ni pé ọ̀nà gbogbo ayé ni ọ̀nà, kì í ṣe ti bàbá ẹnì kankan.

Ẹ sì wá lọ fi ti bàbá yín síbẹ̀.

Mo wà ní ọdún kejì ní pólì nígbà tí àwọn kan wá, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára àwọn ilé tó yọ sójú títì. Tiwa wà nínú wọn, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fà jáde síwájú ilé. Ẹ wo X náà bí ẹni ń wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, ẹ wá ní kí n lọ mú téèpù mi wá, ẹ ní ṣebí ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń kọ́. Mo wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé etí títì. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ bi mí léèrè ohun tí mò ń kọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ibojì ti dúró síbẹ̀: táìsì funfun, àgbélébùú lórí, orúkọ Bàbá Àgbà gàdàgbà níwájú. Àwọn tó kọ X padà wá, wọ́n rí i, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lè wó ilé mọ́ alààyè lórí. Ta ni yóò wó ti òkú?

Àwọn àgbà àdúgbò béèrè pé ṣebí inú pálọ̀ ni wọ́n sin Bàbá Àgbà sí láyé ọjọ́un. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní Bàbá Àgbà wá bá yín lójú àlá pé ooru ń mú àwọn nínú pálọ̀, kí ẹ gbé àwọn síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn. Ẹ ní ẹbí ti parí rẹ̀ ní ìdájí. Àdúgbò gbà. Ta ni yóò bá ọmọ jiyàn lórí àlá bàbá rẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, Àlàájì Múfú, alága ẹgbẹ́ onílé, pe ìpàdé. Àlàájì ní ó ti sú òun kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa bá tírélà du ọ̀nà. Wọ́n ní kí kálukú fa ọwọ́ ilé rẹ̀ sẹ́yìn, kí a bo gọ́tà, kí a fi kọnkéré ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé gáréèjì tí kòròpé Inísà àti Òkúkù ti ń gbé èrò, kí àwọn ọlọ́kadà sì ní ibùdó kan ṣoṣo. Àwa tí a wà lájò dá owó, èmi náà dá tèmi. Àlàájì ló kọ́kọ́ wó àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ṣadé ní títí di òní, bí àwọn ará ilé wọn bá ń jáde, bí ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń fò. Télọ̀ gbé kíóòsì rẹ̀ sẹ́yìn. Fọkanáísà yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọ inú kọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Ó wá kan ilé wa. Ẹ dìde nínú ìpàdé, ẹ bọ́ fìlà, ẹ sunkún. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ tẹ bàbá yín mọ́lẹ̀, kí ó kọ́kọ́ tẹ ẹ̀yin. Ṣadé ní àwọn obìnrin fi gèlè nu ojú, Àlàájì Múfú ní ìnnálílláhì, ó sì ní kí wọ́n fi Bàbá sílẹ̀ o, kí ọ̀rọ̀ má lọ di èpè. Báyìí ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń bọ̀ gbọọrọ láti ilé ìwé, tó dé iwájú ilé wa, tó kú, tó sì tún jí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ó dà bí eyín iwájú tó ká. Gbogbo ẹni tó bá dé àlàfo yẹn, ojú títì ni yóò bọ́ sí.

Màmá mi bọ́ sí i lọ́jọ́ ọjà Òkúkù. Wọ́n ru òwú àti bọ́tìnnì tí wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀, kòròpé ń ké pé ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan. Wọ́n yà fún Bàbá Àgbà, ọ̀kadà kò sì yà fún wọn. Bọ́tìnnì fọ́nká sójú títì, pupa, dúdú, aláwọ̀ wúrà. Ìlú Ìbà ni wọ́n gbé wọn lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ẹ ní ọlọ́kadà ló jẹ̀bi. Wọ́n mú un wá, ó dọ̀bálẹ̀, ẹ sì dárí jì í. Orí ibojì náà ni ẹ jókòó sí tí ẹ fi ń dárí jì í.

Mo pe Màmá mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Wọ́n ní kí n fi bàbá mi sílẹ̀, pé ẹni tí a bá jọ ń gbélé, a kì í tú u láṣọ. Ẹ wo ẹni tí ẹ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tó ṣì ń bò yín láṣọ. Ṣadé wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ní Màmá ti padà sí ọjà Òkúkù. Ó ní bí wọ́n bá dé ibi ibojì, ọ̀pá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, wọ́n á wò yányán, wọ́n á pe Jésù, wọ́n á tẹ̀lé ọ̀pá. Èmi ń dá mọ́tò dúró fún ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá mi ń fi ọ̀pá dá tírélà dúró.

Nínú lẹ́tà mi kìíní, mo fún yín lọ́nà àbáyọ. Mo ní kí ẹ tún lá àlá mìíràn. Kí ẹ sọ pé Bàbá Àgbà padà wá, wọ́n ní atẹ́gùn ìta ti pọ̀ jù, àwọn fẹ́ padà sí pálọ̀. Àdúgbò ìbá gbà, ojú kò ní tì yín. Ọwọ́ àdúrà. Nínú èkejì, mo fi ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀ yín. Ọwọ́ àdúrà. Nínú ẹ̀kẹta, mo rán yín létí bàtà mi. Ọwọ́ àdúrà méjì.

Ẹ̀yin ará Ìdí-Ọsàn, ọ̀rọ̀ bàtà náà rèé. Kò sí òkú nínú ibojì iwájú ilé wa. Kò sígbà tó wà níbẹ̀ rí. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, èmi ni mo bá bíríkìlà da nǹkan sínú rẹ̀: àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo, bíríkì fífọ́, àmù tó ti sán, àti bàtà ẹsẹ̀ òsì mi aláwọ̀ ewé tó já lọ́jọ́ náà. Bàtà mi ni ẹ ń wá jẹ ìrẹsì ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Bàtà mi ni pásítọ̀ ń gbàdúrà fún pé kó sùn ní àlàáfíà. Ọwọ́ èmi náà kò mọ́, mo sì tọrọ àforíjì. Àlàájì Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé hámà wá kí ọjọ́ ọjà Òkúkù tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ má bẹ̀rù èpè. Bí ẹ bá bá eegun kan níbẹ̀, ẹ pè mí ní òpùrọ́, kí n fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Ẹ ṣáà ṣe ọ̀nà náà kó já kí Màmá mi lè gba orí kọnkéré dé gáréèjì.

Bàbá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ. Nígbà tí ọjọ́ yín bá sì tó, a ó sin yín sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kọsẹ̀. Ẹ kí Màmá mi. Ẹ kí Ṣadé, kí ẹ má sì nà án, n kò sọ fún un pé n óò kọ èyí. Ẹ kí gbogbo àdúgbò, látorí àwọn tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dórí àwọn tó ń kùn. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà náà, nínú pálọ̀, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n wà gan-an. Ẹ bá mi tan fáànù fún wọn. Ẹ ní ooru ń mú wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé, ẹni tó ni bàtà.